Làálì Ọjọ́ Ìdánwò

Ìwé náà sọ gbogbo ohun tí ojú wa máa rí lọ́jọ́ ìdánwò. Èmi nìkan ni kò mẹ́nu bà.

Faridath, ọmọ-ọmọ mi, ló kà á sí mi létí lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa ní Tchaourou. Mo ń bẹ iṣu, ó ń kà, mo ń dá sí i. Ìwé ọ̀hún ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò àbáwọlé ilé-ìwé agbẹ̀bí ti dé ẹnu ọ̀nà ní aago méje àárọ̀. Mo ní aago mẹ́fà la máa dé. Ó ní kí ó mú káàdì ìdánimọ̀ dání, àti ìwé ìpè tí wọ́n lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́. Mo ní a máa mú un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fọ́tò náà kò dára, wọ́n ya ọmọ mi bí ẹni tó jí ewúrẹ́. Ó ní kálàmù aláwọ̀ búlúù méjì, kò gbọdọ̀ sí tẹlifóònù, kò gbọdọ̀ sí ìwé kankan lápò, wọ́n sì máa tú gbogbo èèyàn wò kí wọ́n tó wọlé. Mo bi í bóyá wọ́n máa tú èmi náà wò. Ó ní èmi kò níí wọlé. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀, torí bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ara tèmi wò, ilẹ̀ á ṣú kí wọ́n tó parí.

Ó rẹ́rìn-ín títí ìwé fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó he é, ìlà tó kàn ló kà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi orúkọ tàbí àmì kankan sára ìwé tó máa kọ ìdáhùn sí, àfi ní igun òkè tí wọ́n máa gé kúrò. Ìwé tí wọ́n bá rí àmì lára rẹ̀, wọn kò níí yẹ̀ ẹ́ wò rárá.

Mo bi í pé kí ló fa ìyẹn. Ó ní kí ẹni tó ń fún wọn ní máàkì má baà mọ oníwèé ni. Àwọn kan máa ń bá olùkọ́ tí wọ́n mọ̀ ṣe àdéhùn. Wọ́n á ya òdòdó kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, olùkọ́ á rí i, á ní ẹni mi rèé.

Mo ní, "Ìwọ ò mọ olùkọ́ kankan, bẹ́ẹ̀ ni a ò ní òdòdó. Máa kà á lọ."

A ò ní òdòdó. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, èmi tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Onílàálì.

Rissikatou ni bàbá mi sọ mí, ṣùgbọ́n láti Tchaourou dé Kika, títí dé Alafiarou, kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ogójì ọdún ni mo ti ń lé làálì fún àwọn ìyàwó. Ọmọge tí n kò bá lé làálì fún, àwọn ará ilé ọkọ á bi í bóyá ìjà wà láàrin ìyá rẹ̀ àti èmi. Mo lẹ́nu, mo sanra, mo fẹ́ràn oúnjẹ. Ọkọ mi, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, máa ń sọ pé nínú gbogbo ara mi, ọwọ́ mi nìkan ló ní sùúrù. Òótọ́ ló sọ. Bí mo bá ti mú igi tín-ínrín tí mo fi ń ya làálì dání, ariwo mi á dín kù, màá máa kọrin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, òdòdó á máa yọ lára ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ewé á máa tẹ̀lé e.

Ọwọ́ yìí náà ló gba ọmọ kan ní oko kajú wa ní Alafiarou, ní nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn. Ìyá Faridath ló ń rọbí, ọ̀nà jìn, òjò ti ba ojú ọ̀nà jẹ́. Faridath jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, òun ló na ìró mú kí ọkùnrin má baà rí ìyá rẹ̀. Ọmọkùnrin ni. Ìwọ́ rẹ̀ ti yí i lọ́rùn. Ọmọ tó bá wá báyìí, Òjó là ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n tiwa kò dúró gba orúkọ. Mo fà á, mo gbá a ní ìdí, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, mo pe Ọlọ́hun. Kò ké. Nígbà tí a ti sin ín tán, ọmọbìnrin náà bi mí pé, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ṣé ì bá ti lè ṣe nǹkan? Mo ní Ọlọ́hun ló mọ̀. Ó ní, "Èmi náà fẹ́ mọ̀."

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń wá iṣẹ́ agbẹ̀bí. Ó kọ́kọ́ ṣe ìdánwò àbáwọlé náà, ó kù díẹ̀ kó yege. Ìgbà kejì, èmi ni mo dí i lọ́wọ́. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, mo rí èso kajú kan lókè tó pọ́n bí ojú oníbìínú, mo ní n kò níí dúró de ẹnikẹ́ni. Mo gun igi. Ẹ̀ka náà gbé mi, ó rò ó, ó ní rárá. Wọ́n ní àwọn ewúrẹ́ tó ń jẹko lójú irin gbọ́ dìì, wọ́n sá, wọ́n rò pé ọkọ̀ ojú irin tí kò wá mọ́ ti padà dé. Gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín lórí ibùsùn ọsibítù pẹ̀lú egungun itan tó ti ṣẹ́. Faridath ló ń wẹ̀ mí, òun ló ń gbé mi sórí póò, òun ló ń nù mí ní ìdí bí ọmọ jòjòló. Ọjọ́ ìdánwò bọ́ sí àárín oṣù yẹn. Kò lọ. Ó ní ìdánwò á tún wá.

Ó tún wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó di ìkẹyìn. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kò lè ṣe é mọ́, oṣù tó tẹ̀lé ìdánwò náà gan-an ni Faridath máa pé e. Tidjani, ọmọ mi, tó jẹ́ bàbá rẹ̀, ti là á mọ́lẹ̀ pé bí èyí kò bá bọ́ sí i, òun á fún Abdoul-Kader tó fẹ́ fi í ṣaya lésì. Abdoul-Kader ń ra kajú ní Kika, ọdún mẹ́ta ló ti fi ń dúró. Ọmọlúàbí ni, n kò ní ẹ̀sùn kankan sí i ju pé etí rẹ̀ tóbi. Ṣùgbọ́n Faridath kò fẹ́ lọ tọ́jú ìsọ̀ kajú. Ó fẹ́ mọ ohun tí èmi kò mọ̀ lọ́jọ́ yẹn ní Alafiarou.

Ẹ wá wo ohun tí mo ṣe.

Nílé tiwa, ọmọbìnrin kì í mú ọwọ́ lásán lọ síbi tí ayé rẹ̀ ti máa yí padà. Ìyàwó ń lé làálì, ìyá ọmọ tuntun ń lé e, ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà ń lé e. Mo bi ara mi léèrè: ilé-ìwé agbẹ̀bí yìí, kí ló fi kéré sí ilé ọkọ? Ọkọ lè kọ ènìyàn. Iṣẹ́ kì í kọni. Nítorí náà, nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la, mo gún ewé làálì, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ pò ó, mo fi kánún díẹ̀ sí i kí ó lè dúdú, mo gbé abọ́ mi jáde lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, mo pe ọmọ-ọmọ mi.

Ó wo abọ́ náà, ó wò mí. Ó ní, "Ìyá àgbà, ìdánwò ni o, kì í ṣe ìgbéyàwó."

Mo ní kó jókòó. Ó jókòó. Ó na ọwọ́ òsì sí mi, ó ní kí n lé e sí òsì nìkan, torí ọ̀tún lòun fi ń kọ̀wé. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ọ̀tún gan-an ni mò ń wá, òun ló ń lọ sógun, òsì kàn ń bá a lọ wòran ni. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó wò mí lójú, ó rí bí inú mi ti dùn tó, ó sì na ọ̀tún náà. Láti kékeré, n kò rántí ìgbà tí ọmọ yẹn kọ ohun kan fún mi.

Òdòdó tí mo yà fún un lọ́jọ́ yẹn, n kò tíì ya irú rẹ̀ fún ìyàwó rí. Mo gbé ọ̀kan ńlá sí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, mo na ewé rẹ̀ lọ sórí ìka kọ̀ọ̀kan, mo fi àmì tótòtó yí i ká. Hawaou, ọmọ àdúgbò wa tóun náà ń lọ ṣe ìdánwò ọ̀hún, wọlé bá wa níbẹ̀. Ó wò ó, ẹnu rẹ̀ ò padé. Ó na ọwọ́ tirẹ̀ náà, ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ ṣàánú mi, díẹ̀ péré." Làálì ṣì wà nísàlẹ̀ abọ́, ó tó ọwọ́ kan. Mo fi ìró bò ó. Mo ní ó ti tán. Mo fẹ́ fi í pamọ́ fún Faridath ni, kí n lè tún un ṣe ní òwúrọ̀. Hawaou fi ọwọ́ lásán lọ sílé wọn, èmi arúgbó sì jókòó lórí abọ́ làálì bí adìyẹ lórí ẹyin.

Ní òwúrọ̀, nígbà tó ti ṣe àlùwàlá tó sì ti kírun àsùbáà tán, mo yẹ ọwọ́ náà wò. Ó pọ́n bíi máńgòrò. Fún ẹlòmíràn, ó dára. Fún mi, kò tíì dúdú tó. Mo bu èyí tó ṣẹ́kù, mo tún tọ ipasẹ̀ òdòdó kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan sí i, mo fi ọ̀rá wé ọwọ́ méjèèjì, ó di pé èmi ló ń gbé báàgì rẹ̀. Inú takisí ni mo ti tú u, nígbà tí a ń wọ Parakou. Mo ha èyí tó ti gbẹ kúrò, mo fi òrí pa ọwọ́ náà dáadáa, ó ń dán. Mo sì kìlọ̀ fún un bí mo ṣe ń kìlọ̀ fún gbogbo ìyàwó: omi kò gbọdọ̀ kàn án títí di ìrun ọ̀sán. Bí omi bá kàn án, ó ṣá nìyẹn.

Ó gbà, ó ní, "D'accord, Ìyá àgbà."

Mo gbádùn ìrìn àjò náà, n kò níí purọ́. Ìdí mi gba àyè èèyàn méjì, ọkùnrin tó jókòó tì mí fẹ̀gbẹ́ lé ilẹ̀kùn dé Parakou bí aṣọ tí wọ́n sá. Mo sùn, mo la ẹnu sílẹ̀, Hawaou tó wọkọ̀ pẹ̀lú wa ní mo ń hanrun débi pé dẹ́rẹ́bà dúró wo ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Faridath ló rẹ́rìn-ín jù. Ìgbà ìkẹyìn tí mo gbọ́ ẹ̀rín yẹn bó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Aago méje kò tíì lù tá a ti dé. Bí ìwé ṣe sọ ọ́ ni gbogbo rẹ̀ rí. Wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ògiri, olúkúlùkù ń wá nọ́ńbà tábìlì rẹ̀. Wọ́n tò wọ́n sí ìlà méjì. Wọ́n wo káàdì, wọ́n wo fọ́tò, wọ́n wo ojú. Nígbà tó kan Faridath, obìnrin tó ń tú wọn wò yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó pe ẹnìkejì rẹ̀. Wọ́n ń wo àárín òdòdó bóyá ó kọ ìdáhùn pamọ́ síbẹ̀. Mo kígbe láti ẹ̀yìn pé òdòdó ni, kì í ṣe ìwé, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, kí wọ́n wò ó dáadáa, bí wọ́n bá ní ọmọ tó ń lọ sílé ọkọ kí wọ́n wá mi wá sí Tchaourou. Gbogbo ìlà rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín, wọ́n jẹ́ kó wọlé. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó na ọ̀tún rẹ̀ sókè sí mi. Oòrùn àárọ̀ tàn sí òdòdó náà, mo rí i láti ibi tí mo wà. Orí mi wú.

Àwa òbí jókòó sábẹ́ igi níta. Mo ra ẹ̀wà, mo jẹ ẹ́ tán, mo tún jẹ wàgàṣì, ìyẹn wàrà, tí a gbé wá fún Faridath. Mo sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́, pé ọmọ-ọmọ mi máa di agbẹ̀bí, pé òun ló máa gbẹ̀bí àwọn ọmọ-ọmọ wọn, kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún mi láti ìsinsìnyí. Oòrùn mú. Òrùlé páànù ni gbọ̀ngàn ìdánwò náà, mo rí i bí ooru ṣe ń gbọ̀n lórí rẹ̀, mo ní àwọn ọmọ yìí á làágùn lónìí. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò máa rọ̀.

Ọ̀sán pọ́n kí wọ́n tó jáde. Hawaou ló kọ́kọ́ yọ, kò wojú mi, ó ní òun fẹ́ lọ wá takisí. Faridath yọ gbẹ̀yìn, ó ká ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ híjáàbù rẹ̀. Mo bi í pé báwo. Ó ní ó ti parí. Mo bi í bóyá ó le. Ó ronú, ó ní ìbéèrè kan le díẹ̀, àwọn yòókù lòun mọ̀.

Lẹ́yìn náà ló yà sí ọ̀dọ̀ obìnrin ẹlẹ́wà. Ó tọrọ omi àti ọṣẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ọwọ́. Ó ń fọ̀ ọ́, ó ń fi kànìnkànìn bó o, ó ń da omi lé e. Mo sáré dé ibẹ̀, èmi ẹlẹ́sẹ̀ kan àbọ̀, mo ní ṣé orí ẹ ò pé ni, wọn kò tíì pe ìrun ọ̀sán. Ó ní ó ti kù díẹ̀. Mo ní o ti ba làálì mi jẹ́. Láti Parakou dé Tchaourou ni mo fi ń bá a jà. Mo ní ọmọ ayé òde òní kò mọyì ohun rere. Mo ní ogójì ọdún, kò sí ìyàwó kan tó fojú di iṣẹ́ ọwọ́ mi báyẹn. Ó gbé orí lé gíláàsì takisí, ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá àgbà." Ó tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tó sọ bẹ́ẹ̀. Òun ló ń bẹ̀ mí.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà ni èsì jáde. Orúkọ Hawaou wà nínú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n tún un kà, bóyá wọ́n fo ìlà kan. Wọ́n tún un kà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo ṣépè fún àwọn tó ṣètò ìbéèrè, fún ìyá wọn, fún malúù tó wà nílé wọn bí wọ́n bá ní. Faridath ló ń tù mí nínú. Ó ní àkọsílẹ̀ Ọlọ́hun ni. Ó di ìwé rẹ̀ sínú páálí kan, ó rù ú lọ fún Hawaou pé á wúlò fún un. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ó kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó ní òun ti gbà, kí wọ́n pe àwọn ará Kika.

Nígbà tó kù ọjọ́ díẹ̀ kí Hawaou máa lọ sílé-ìwé, ó wá dágbére fún mi. Ó gbé wàgàṣì wá, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ọmọ tó mọ̀wà hù. Èmi tó ń bínú sí gbogbo ayé, mo ní kí n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀. Mo ní, "Ìwọ tí n kò lé làálì fún ló wá yege. Ó dàbí ẹni pé làálì mi ti di ewé lásán." Mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Ńṣe ló dojú bolẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Mo fi ọwọ́ bà á léjìká. Mo ní kí ló dé.

Ó ní, "Ìyá àgbà, ó ní kí n má sọ fún yín. Ó fi mí búra."

Ó sì sọ ọ́. Tábìlì Faridath ló wà níwájú tirẹ̀. Ooru mú nínú gbọ̀ngàn náà débi tí òógùn ń kán láti àgbọ̀n wọn. Wákàtí àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Nígbà tí Faridath ṣí ojú ìwé kejì, tó fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún tó ti làágùn tẹ̀ ẹ́ kó lè tẹ́, ó gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀, ó sì rí i. Àtẹ́lẹwọ́ odindi. Òdòdó ńlá náà, ewé rẹ̀ márààrún, tótòtó tó yí i ká, gbogbo rẹ̀ hàn ketekete, àfi bíi pé èmi ni mo jókòó tí mo yà á sórí ìwé náà. Ó na ọwọ́ sókè. Alábòójútó wá, ó wò ó. Faridath bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní ìwé mìíràn, òun á tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ọkùnrin náà ní wọ́n ti ka iye ìwé, ẹyọ kan fún ẹnì kan. Ó ní ó dun òun. Hawaou ní ó hàn lójú rẹ̀ pé ó dùn ún lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òfin ni òfin, ó ní láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àmì wà lára ìwé tábìlì yìí. Ó ní bó bá fẹ́, ó lè máa lọ sílé.

Kò lọ sílé. Ó nu ọwọ́ sára aṣọ, ó mú kálàmù, ó ń kọ lọ. Wákàtí méjì ni. Ó dáhùn gbogbo ìbéèrè tó kù lórí ìwé tí ó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò níí kà. Ìbéèrè ìkẹyìn ló kọ pẹ́ jù lórí rẹ̀. Hawaou ní, "Wọ́n bi wá pé, bí orí ọmọ bá ti yọ, tí ìwọ́ sì wà lọ́rùn rẹ̀, kí ni agbẹ̀bí máa ṣe? Òun ló gbẹ̀yìn jáde, torí ó fẹ́ kọ ìyẹn pé."

N kò mọ ìgbà tí Hawaou dìde lọ. Wàgàṣì náà wà níbẹ̀ títí eṣinṣin fi bò ó, èmi tí mo fẹ́ràn oúnjẹ.

Mo bá Faridath lẹ́yìnkùlé, ó ń sá èlùbọ́ iṣu. Ó gbójú sókè, ó rí ojú mi, ó mọ̀. Ó ní Hawaou kò lè pa nǹkan mọ́. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Mo ní mo bá a jà nínú takisí. Mo ní mo bá a jà.

"Ẹ ti sọ fún gbogbo òbí tó wà níbẹ̀ pé mo máa gbẹ̀bí ọmọ-ọmọ wọn," ó ní. "Mo gbọ́ ohùn yín láti inú gbọ̀ngàn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ jáde wá sọ ọ́?"

Mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún un, ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ yẹn kò jẹ́ kí n lè ṣe é. Mo kàn di ara mú lára igi máńgòrò bí ewúrẹ́ tó ń họ ara. Ó wá gbá mi mú, ó ní kí n má ṣubú, òun kò lágbára láti tún gbé mi sórí póò. Mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́hun ló mọ irú ẹ̀rín tó jẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti da abọ́ làálì mi dé. Àwọn ìyá ìyàwó wá, mo ní ojú mi ti ṣe bàìbàì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìgbéyàwó Faridath súnmọ́, Tidjani sì wá bá mi. Ó ní kí ni àwọn ará Kika máa sọ bí ọmọ-ọmọ Ìyá Onílàálì bá mú ọwọ́ lásán wọlé ọkọ. Mo ní kó wá ẹlòmíràn. Faridath tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ní rárá, òun kò fẹ́ ẹlòmíràn.

Mo gún ewé. Mo pò ó. A jókòó síbi tá a jókòó sí nígbà yẹn, lábẹ́ igi kan náà, ní ìrọ̀lẹ́. Mo mú òsì rẹ̀, mo lé e tán. N kò kọrin. Mo wá gbé igi làálì sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọwọ́. Mo ní ó ti tó, ọ̀pọ̀ ìyàwó ń lé e sí ẹyọ kan, kó jẹ́ kí ọ̀tún yẹn wà bẹ́ẹ̀.

Ó na ọ̀tún náà sí mi, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀.

"Ẹ lé méjèèjì, Ìyá àgbà. Kò sí ohun tí mo tún fẹ́ fi kọ."

Mo wo ọwọ́ náà. Kò sí òdòdó àtijọ́ kankan níbẹ̀ mọ́, ó ti ṣá tipẹ́. Mo mú igi mi. Ọwọ́ tí ọkọ mi ní ó ní sùúrù ya ìlà àkọ́kọ́, ó wọ́, mo fi ìka nù ún, mo tún un yà. Nígbà tí mo ti dé àárín òdòdó, mo bi í ní ohun tó yẹ kí n ti bi í láti ọjọ́ yẹn.

"Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn, kí lo kọ sí i?"

Ó gbé òsì tí làálì rẹ̀ kò tíì gbẹ sókè, ó ká ìka kan bí ẹni tó fẹ́ fi kọ́ nǹkan. Ó ní, "Ẹ ò níí fa ọmọ náà. Ẹ máa ti ìka kan bọ abẹ́ ìwọ́, jẹ́jẹ́, ẹ ó sì yọ ọ́ gba orí rẹ̀ kọjá, bí ìgbà téèyàn ń yọ ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn. Bó bá fún jù, ẹ ó dì í ní ibi méjì, ẹ ó gé àárín."

"Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Lọ́pọ̀ ìgbà, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo tẹrí ba. Mo ní kó tún un sọ fún mi, kí n lè mọ̀ ọ́n. Ó tún un sọ, láti ìbẹ̀rẹ̀, bó ṣe kọ ọ́ sórí ìwé náà. Mo ń gbọ́, mo ń lé e lọ.